Igbó Tí Kì Í Rú Èéfín

Ọmọ Ìkálẹ̀ ni ó ń kí yín kú ìkàlẹ̀. Ohùn orí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu, ẹ má sì bínú pé mo dúró níbẹ̀. Iṣẹ́ èdè ni mò ń ṣe ní yunifásítì, ẹni tí ó bá sì ń ta epo, aṣọ rẹ̀ kò lè ṣàìní àbàwọ́n epo.

Olóòtú ètò yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí igbó tí a kì í fi iná sí: èyí tí wọ́n ń rẹ sínú ọtí, èyí tí wọ́n ń sè mọ́ ọbẹ̀, èyí tí wọ́n ń yan mọ́ kéèkì. Bóyá ẹnìkan ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀ràn tí ó yẹ kí oníṣègùn sọ. Èmi pẹ̀lú ti rò bẹ́ẹ̀ rí, títí di òru ọjọ́ kan ní Ìyánsàn.

Òkú àgbà ni ó kó wa jọ sílé ní oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún náà. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ̀ pé ibi tí a bá ti ń ṣe òkú, ògógóró kì í wọ́n níbẹ̀. Inú àbàtà ni igi ògùrọ̀ ti ń hù. Wọn yóò dá ẹmu rẹ̀, wọn yóò jẹ́ kí ó kan, wọn yóò sè é nínú àgbá, ooru rẹ̀ yóò gba inú páìpù tí ó la omi tútù kọjá, yóò sì máa kán sílẹ̀ tó, tó, tó, bí òjò tí ó ń dá. Òun ni a fi ń tọrọ ìyàwó, òun ni a fi ń tá àwọn baba ńlá wa lọ́rẹ. N kò wá síbí láti bá ògógóró jà.

Obìnrin kan tẹ́ tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà. Ìgò mẹ́ta ni ó wà lórí rẹ̀. Èkínní mọ́ gaara. Èkejì pọ́n, egbò igi sì kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wa mọ ìyẹn sí ọtí ọ̀pá-ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta ní àwọ̀ ewé, ohun kan bí ewé gbígbẹ pẹ̀lú èso wẹ́wẹ́ sì rogún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Mo ní, “Màmá, kí ni ó wà nínú èyí?”

Ó ní, “Àgbo ni, ọ̀gá.”

“Àgbo kí ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àgbo àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni. Kì í ṣe tiyín.”

Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì kọjá lọ. Ẹ̀rín yẹn ni mo ṣì ń kábàámọ̀ títí di òní.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọkùnrin tí ó wà ní kíláàsì àṣejáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mu ife kan nínú ìgò kẹta yìí ní nǹkan bí agogo méje. Nígbà tí ó di agogo mẹ́jọ, kò rí ohunkóhun lára. Ó rò pé wọ́n ti bu omi là á, ó sì mu ife kejì. Kò tíì tó wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n fi sáré wá pè mí. Ó di ògiri mú. Ó ní ẹsẹ̀ òun kì í ṣe ti òun mọ́, ó ní ọkàn òun ń lù kìkì bí ìlù, ó ní òun ń kú lọ.

Ẹ wo ohun tí èmi ọ̀mọ̀wé ṣe. Mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ògógóró nìkan ni mo gbọ́. Mo gbóòórùn ìka ọwọ́ rẹ̀ àti ẹ̀wù rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo dìde, mo sì sọ fún àwọn ẹbí pé, “Ọmọ yìí kò mugbó. Ọtí lásán ni.” Mo tún ní kí wọ́n gbé epo pupa wá, nítorí ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ni pé epo ni ẹ̀rọ̀ májèlé gbogbo. Orí ìdùbúlẹ̀, níbi tí ó ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ni mo ti fi ṣíbí da epo náà sí i lẹ́nu. Èébì gbé e, èébì náà sì fẹ́ padà sí ọ̀nà ọ̀fun. Bí kì í bá ṣe ti nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí òun náà wá ṣe òkú, tí ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ tí ó sì fi ìka kó o lẹ́nu, n kò mọ ohun tí mo bá máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin náà gbé ojú sókè, ó ní, “Ta ni ó ní kí ẹ fún un lépo?” Gbogbo ilé wò mí.

Ọmọ náà sùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó jí, mo jókòó tì í, mo ní, “Ṣé o mugbó ni?”

Ó ní, “Rárá, Dádì. N kò mugbó rí láyé mi.”

Kò purọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di tiwa, àwa tí a ń kọ́ èdè. Ní Yorùbá, a ń mu omi, a ń mu ẹ̀kọ, a ń mu sìgá, a sì ń mugbó. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a ń lò fún ohun tí ó gba ọ̀fun lọ sí ikùn àti ohun tí ó gba ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀, àwa kò yà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lo “mugbó” láti ọdún pípẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ti sún kì: ẹni tí ó wé e sínú ìwé, tí ó ṣáná sí i, tí ó sì ń tú èéfín nìkan ni ó mugbó. Ọmọ yìí mu igbó ní ti gidi, ó fi ife mu ún bí ẹni mu omi, síbẹ̀ èdè tí a fi kọ́ ọ sọ fún un pé kò mugbó. Èmi tí mo ń gbóòórùn ìka rẹ̀ gba ohun kan náà gbọ́.

Àwọn tí ń tà á mọ èyí ju àwa lọ. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń pè é. Èyí tí a rẹ sínú ògógóró ni wọ́n ń pè ní mọ́ńkì tẹ́ẹ̀lì ní gbogbo etí òkun wa títí dé agbègbè Warri àti Port Harcourt, ìyẹn ìrù ọ̀bọ. Èyí tí wọ́n pò mọ́ sobo pẹ̀lú oògùn ikọ́ tàbí oògùn ara ríro ni skuchies. Ní Ìyánsàn, àgbo ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí orúkọ igbó wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ ìbòjú ni “igbó” fúnra rẹ̀, nítorí orúkọ ibi tí wọ́n ń fi ewé náà pamọ́ sí ni wọ́n fi ń pe ewé náà. (Ní ilẹ̀ wa, níbi tí í ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, u ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ulé ni ilé, ugbó ni igbó.) Orúkọ tí a fi bo nǹkan lójú ti wá di mímọ̀ fún gbogbo ènìyàn, nítorí náà wọ́n tún wá òmíràn tí wọn yóò fi bo èkínní.

Ewé náà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé àwọn ọmọ ogun tí ó ti India àti Burma bọ̀ lẹ́yìn ogun 1939 sí 1945 ni ó mú un wọlé. Ìgbà tí ó fi máa di 1964, Dókítà Tolani Asuni ti ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta ti kọ̀wé lórí ìyọnu tí ó ń fà ní Nàìjíríà. Ní 1966 ìjọba ológun gbé òfin kalẹ̀ pé ẹni tí ó bá gbìn ín lè kú tàbí kí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 jura. Ní 1975 wọ́n dẹ okùn òfin náà. Ní 1989 òfin kejìdínláàádọ́ta ti ọdún náà dá àjọ NDLEA sílẹ̀.

Kì í sì í ṣe àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni ó kọ́kọ́ yọ èéfín kúrò nínú igbó. Ní India, wọ́n ti ń lọ ewé rẹ̀ mọ́ mílíìkì àti èròjà olóòórùn dídùn, tí wọ́n ń mu ún lọ́jọ́ ọdún, láti ìgbà tí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ń jẹ́ sìgá níbẹ̀. Bhang ni wọ́n ń pè é. Ní 1839, dókítà Òyìnbó kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Calcutta, O'Shaughnessy, ròyìn bí òun ti ṣe lo igbó tí a yọ́ sínú ọtí líle fún àwọn aláìsàn, oògùn báyìí sì wọ àwọn ilé oògùn ní Ìlú Ọba lẹ́yìn náà. Ìgò kẹta obìnrin Ìyánsàn yìí ní baba ńlá, kò kàn mọ orúkọ baba rẹ̀ ni.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ọtí ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, tí kì í ṣe omi? Ní 1964, Mechoulam àti Gaoni ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì ya ohun tí ń pani nínú igbó sọ́tọ̀, THC ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. THC kì í fẹ́ yọ́ mọ́ omi. Inú ọtí líle àti inú ọ̀rá ni ó ti ń yọ́. Ìdí nìyí tí ìgò ògógóró, bọ́tà inú kéèkì àti epo inú ọbẹ̀ fi ń gbé e dáadáa. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí epo pupa mi kò fi lè jẹ́ ẹ̀rọ̀. Ohun tí ó wà nínú ikùn ọmọ náà fẹ́ràn epo, ọ̀rá a sì máa ràn án lọ́wọ́ láti wọnú ara. Mo fi ọwọ́ ara mi bu iná fún ohun tí mo ní mo fẹ́ pa.

Ọ̀nà tí ó ń gbà wọ ara ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí ó fa èéfín, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni ẹ̀jẹ̀ ti gbé e dé ọpọlọ. Bí ó bá ti pọ̀ jù, ara rẹ̀ yóò sọ fún un kíákíá, ọ̀pọ̀ á sì jù ú sílẹ̀. Èyí tí a jẹ tàbí tí a gbé mì yóò kọ́kọ́ lọ sí ikùn, yóò bọ́ sí ìfun, yóò gba ẹ̀dọ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ yóò sì sọ apá kan nínú rẹ̀ di ohun mìíràn tí agbára rẹ̀ lórí ọpọlọ kò kéré rárá. Ìrìn-àjò yìí lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó lè gba wákàtí méjì. Bí ó bá sì dé, kì í tètè lọ. Ó lè lo wákàtí mẹ́fà, mẹ́jọ, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú àlàfo yẹn, láàárín ìgbà tí a gbé e mì àti ìgbà tí ó dé, ni ife kejì ti ń wọlé.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gba títa rẹ̀ fún gbogbo àgbà ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014, ọ̀rẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan bá a ra bisikíìtì onígbó kan. Ẹni tí ó tà á sọ pé kí wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì jẹ ìwọ̀nba díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá, ìṣẹ́jú ọgọ́ta ń bọ̀, kò rí nǹkan kan. Ó jẹ gbogbo ìyókù. Kò pẹ́ tí ìwà rẹ̀ fi yí padà, ó sì bẹ́ láti orí ilé gíga, ó kú. Lára páálí bisikíìtì yẹn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé igbó wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Lára ìgò Ìyánsàn, kí ni ó wà níbẹ̀? Kò sí nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín, pàápàá jù lọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, yóò dá mi lóhùn pé ṣebí èyí tí kò ní èéfín sàn fún ẹ̀dọ̀fóró. Òótọ́ ni, n kò ní jiyàn. Èéfín igbó ní ọ̀dà àti afẹ́fẹ́ burúkú nínú gẹ́gẹ́ bí èéfín sìgá, ẹni tí kò fà á kò ní kó ìyẹn sáyà. Àwọn oníṣègùn gidi pẹ̀lú kò fi iná sí i. Ní 2018, ìjọba Amẹ́ríkà gba oògùn olómi kan wọlé fún oríṣi wárápá méjì tí ó le, Epidiolex ni orúkọ rẹ̀. Inú igbó ni wọ́n ti yọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n yọ kì í pani bí ọtí. Gómìnà ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, olóògbé Rotimi Akeredolu, lọ sí Thailand ní oṣù Karùn-ún 2019, òun àti ọ̀gá àgbà NDLEA ìgbà náà, láti wo bí wọ́n ṣe ń yọ irú oògùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n bú u, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tèmi, ìrìn-àjò yẹn kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí a wọ̀n sínú ṣíbí, tí dókítà mọ̀, tí ọmọ tí ń mu ún mọ̀, kò bá ìgò tí a dì pa sórí tábìlì òkú tan rárá.

Ọtí tí ó wà nídìí ọ̀ràn yìí tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ọtí àti igbó kì í fi ara wọn sílẹ̀. Ọtí a máa mú kí THC inú ẹ̀jẹ̀ ga sí i. Ẹ̀yin ará ilé mi kò sì ní gbàgbé oṣù Kẹrin 2015 ní Òde-Ìrèlè. Ojú àwọn ènìyàn ń ṣókùnkùn, orí ń fọ́ wọn, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ wọ́n ti kú. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Kì í ṣe igbó, kì í sì í ṣe òrìṣà: mẹtanọ́ọ̀lù ni ó wà nínú ọtí tí wọ́n mu, àwọn tí ó kú kò sì dín ní 18. Kò sí ẹni tí ó fi ojú rí i nínú ife, nítorí ó mọ́ gaara bí èyí tí a ti ń mu láti ayébáyé. Bí a kò bá lè mọ ohun tí ó wà nínú ìgò tí ó mọ́, ta ni yóò mọ ti èyí tí ewé bo ìsàlẹ̀ rẹ̀?

Àwọn àgbà fi ìwà wé èéfín, wọ́n ní kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Èéfín igbó ti jẹ́ ẹlẹ́rìí fún wa fún ọgọ́ta ọdún. Òun ni ó ń sọ fún ìyá ní yàrá kejì, òun ni ó ń sọ fún olùkọ́ tí ó ń kọjá lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ ilé ìwé. Gbogbo ọgbọ́n tí a fi ń ṣọ́ ọmọ lórí ọ̀ràn yìí, imú ni a fi ń lò ó. Ẹlẹ́rìí náà ti lọ, imú wa sì ṣì ń fẹ́ kiri. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ jọ ṣe, tí ó jáde ní 2019, fojú bù ú pé nǹkan bí mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ni ó lo igbó láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá ń tòògbé lórí àga láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, tí ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò sí níbẹ̀, tàbí tí ó ń gbọ̀n tí ó ní ọkàn òun fẹ́ já, ẹ má ṣe gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ wá dá a láre tàbí kí ẹ dá a lẹ́bi. Ẹ má sì na án. Ẹ bi í ní ìbéèrè tí èdè wa kò ní lè bá a fi sá lọ: kí ni o jẹ láti àná? Kí ni o gbé mì? Inú kí ni wọ́n fi í sí? Agogo mélòó ni? Ìgbà mélòó ni? Mo ti dán èyí wò lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tèmi, lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú wọn jẹ kéèkì ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ìdáhùn tí “Ṣé o mugbó?” kò lè mú jáde ni ìbéèrè “Kí ni o jẹ?” mú jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó bá sì ń bẹ̀rù pé ẹ fẹ́ pe ọlọ́pàá kò ní dáhùn ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ mú ẹ̀mí ṣáájú òfin lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ohun tí nọ́ọ̀sì Ìyánsàn kọ́ mi nìyí, mo sì ti bi àwọn oníṣègùn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá ń tòògbé tàbí tí ó ń bì, ẹ fi í sùn sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe sí ẹ̀yìn. Kò sí epo, kò sí mílíìkì, ẹ má fi ìka fa èébì, ẹ má da omi tútù lé e lórí. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà tàbí ọ̀rá tí wọ́n fi dì í lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kékeré ni ó jẹ ẹ́, ẹ má dúró wò ó rárá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi tó ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó ọ̀ràn májèlé létí pé wọ́n ṣèèṣì jẹ oúnjẹ onígbó jẹ́ 207 ní 2017; ní 2021 wọ́n ti di 3,054. Ọmọdé kò mọ̀ pé kéèkì ju kéèkì lọ.

Mo padà tọ obìnrin ìgò mẹ́ta náà lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí kò bá lè ṣíwọ́, kí ó kúkú máa sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á pé igbó ni, kí ó má sì tà á fún ọmọ ilé ìwé. Ó wò mí títí. Ó ní, “Ọ̀gá, bí mo bá pe orúkọ rẹ̀, wọn yóò mú mi. Bí n kò bá pè é, ẹ̀yin yóò bú mi. Èwo ni kí n ṣe?” Mo sọ fún un pé kí ó gbé ìgò náà kúrò lórí tábìlì. Kò dá mi lóhùn. Èmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kò tíì kájú ìbéèrè rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ìdánwò àṣejáde rẹ̀, ara rẹ̀ sì dá. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ yìí, ó bi mí pé bí dókítà bá tún bi òun lọ́jọ́ iwájú bóyá òun lo igbó rí, kí ni kí òun wí. Mo ní kí ó sọ pé, “Mo mu igbó nínú ọtí, ife méjì, lẹ́ẹ̀kan.”

Ó ní, “Dádì, ọ̀rọ̀ yẹn mà gùn o.”

Mo ní kí ó máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.